Ikú Sawyer àti Ilé Fitzgerald: Ẹgbẹ́ Òǹkàwé Ìtàn Àròsọ Onísáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà, 1888 sí 1930

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ọ̀rọ̀ yìí bá ìwé kíkà mu púpọ̀. Ẹni tí ó dá ìwé kà nínú yàrá rẹ̀ lè gbádùn rẹ̀, ó sì lè gbàgbé rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ènìyàn mẹ́wàá bá jókòó yí ìwé kan náà ká, tí ẹnì kan ń gbè é lẹ́yìn, tí ẹlòmíràn ń ta kò ó, ìwé náà kì í ṣe ti òǹkọ̀wé nìkan mọ́. Ó ti di ọ̀rọ̀ ìlú.

Ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì ni ìtàn tí ó dá lórí ohun tí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀rọ lè sọ ayé dà. Ó wà lára irú ìwé tí àwọn òǹkàwé kì í fẹ́ dá kà. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń sọ, gbogbo ènìyàn ni yóò sì jọ gbé inú ọjọ́ iwájú. Àpilẹ̀kọ yìí yẹ ẹgbẹ́ méjì wò, tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ kó jọ ní Amẹ́ríkà. Èkínní bẹ̀rẹ̀ ní Boston ní oṣù Kejìlá ọdún 1888, èkejì bẹ̀rẹ̀ ní New York ní oṣù Kejìlá ọdún 1929. Ọdún 41 ni ó wà láàárín wọn. Nínú ìwé tí ó bí ẹgbẹ́ èkínní, ènìyàn dúdú kan wà, ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ ni, ikú rẹ̀ kò sì gbà ju gbólóhùn kan lọ. Ní ti ẹgbẹ́ kejì, ènìyàn dúdú ni ààrẹ àkọ́kọ́, inú ilé rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń pàdé. Àlàfo tí ó wà láàárín àwọn ọkùnrin méjì yìí ni ọ̀rọ̀ dá lé. Ta ni ó ní àyè láti ro ọjọ́ iwájú, inú ilé ta ni a sì ti ń rò ó?

Ọkùnrin tí ó sùn fún ọdún 113

Edward Bellamy ni ó kọ ìwé tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀. Chicopee Falls ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ni wọ́n ti bí i ní 1850. Oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi ni bàbá rẹ̀. Ìlú iléeṣẹ́ ìhunṣọ ni Chicopee, níbi tí ọrọ̀ àwọn díẹ̀ àti ìṣẹ́ àwọn púpọ̀ ti ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Bellamy kọ́ ìmọ̀ òfin, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìròyìn ni ó fi jẹun. Àwọn ọdún tí ó ń ronú ìwé rẹ̀ jẹ́ ọdún ìjà láàárín àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn tó ni iléeṣẹ́. Ìyanṣẹ́lódì pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ní oṣù Karùn-ún ọdún 1886, bọ́ǹbù bú gbàmù níbi ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ ní Haymarket ní Chicago, ẹ̀mí sì ṣòfò. Inú irú àsìkò bẹ́ẹ̀ ni iléeṣẹ́ Ticknor ní Boston ti gbé Looking Backward, 2000–1887 jáde ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1888.

Julian West ni orúkọ ẹni tí ń sọ ìtàn náà. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni, ọlọ́rọ̀ ni, kò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ rí. Oorun kì í kùn ún. Nítorí náà, ó kọ́ yàrá olókùúta sí abẹ́ ilẹ̀ ilé rẹ̀, kí ariwo ìgboro má baà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí oorun bá tún kọ̀ tí kò wá, a ránṣẹ́ pe Dókítà Pillsbury, ẹni tí ó mọ ọgbọ́n mímú ènìyàn sùn. Sawyer, ìránṣẹ́ West, tí ó jẹ́ ènìyàn dúdú, ni wọ́n kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń jí ọ̀gá rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún ọdún 1887, Pillsbury mú West sùn, ó sì gba ọ̀nà New Orleans lọ. Ní òru ọjọ́ náà, iná jó ilé. Nígbà tí West lajú, ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2000 ni. Dókítà Leete, tí ó ń gbẹ́ ilẹ̀ láti fi kọ́ yàrá ìwádìí, ni ó ṣalábàápàdé rẹ̀.

Boston tí West bá níbẹ̀ kò ní olówó, kò sì ní tálákà. Gbogbo iléeṣẹ́ ti di ti orílẹ̀-èdè. Láti ọmọ ọdún 21 títí di ọdún 45 ni olúkúlùkù ń sin ìlú nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun iṣẹ́, lẹ́yìn náà ni yóò sinmi. Kò sí owó. Káàdì ni wọ́n ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń kọ ìpín rẹ̀ nínú ọrọ̀ ìlú sí i. Ìpín gbogbo ènìyàn dọ́gba. Orin ń gba inú okùn tẹlifóònù wọ yàrá àwọn ènìyàn, bí òjò bá sì rọ̀, wọ́n á ta ìbòrí sórí ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà tutù. Ohun tí Bellamy ń sọ kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní.

Ọ̀nà tí ó gbà sọ ọ́ ni ó yẹ kí á kíyè sí. Ìṣẹ̀lẹ̀ inú ìwé náà kò pọ̀. Ọ̀rọ̀ sísọ ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. West á béèrè, Leete á dáhùn. West á ṣe iyèméjì, Leete á tún un ṣàlàyé. Wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú pálọ̀, nídìí oúnjẹ, àti lójú ọ̀nà. Ìwé náà fúnra rẹ̀ rí bí ìpàdé tí ènìyàn méjì ń ṣe. Kò yani lẹ́nu pé àwọn tí ó kà á fẹ́ gbé àga sún mọ́ wọn.

Nígbà tí ìwé di ẹgbẹ́

Àwọn akọ̀ròyìn méjì ní Boston, Cyrus Field Willard ti Boston Globe àti Sylvester Baxter ti Boston Herald, wà lára àwọn tí ìwé náà kọ́kọ́ mú lọ́kàn. Wọ́n kọ̀wé sí Bellamy pé àwọn fẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti tan èrò inú rẹ̀ kálẹ̀. Bellamy fèsì ní oṣù Keje ọdún 1888, ó sì fọwọ́ sí i. Ní Boston kan náà, àwọn ọ̀gágun àtijọ́ kan tí wọ́n ja ogun abẹ́lé ti bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ tiwọn lórí ìwé yìí. Lára wọn ni Charles Bowers àti Arthur Devereux. Ó rọrùn láti mọ ohun tí ó fa ológun sí ìwé tí ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ ní ọmọ ogun. Ìhà méjèèjì para pọ̀, nígbà tí ó sì di oṣù Kejìlá, ẹgbẹ́ ti dúró. Bowers di ààrẹ, Willard di akọ̀wé.

Nationalist Club ni wọ́n pe ara wọn. Ìtumọ̀ orúkọ yìí yàtọ̀ sí èyí tí etí wa mọ̀ nínú ìtàn ìjà òmìnira. Ohun tí wọ́n fi ń júwe ni pé kí orílẹ̀-èdè ni iléeṣẹ́, ojú irin àti iná, dípò kí ó jẹ́ ti àwọn olówó díẹ̀. Bellamy kò fẹ́ràn orúkọ sósíálísíìmù, nítorí ó gbà pé yóò dẹ́rù ba àwọn ará Amẹ́ríkà tí kò fẹ́ ariwo ìdìtẹ̀.

Àwọn tí ó wọ ẹgbẹ́ náà kì í ṣe mẹ̀kúnnù ní pàtàkì. Òǹkọ̀wé, akọ̀ròyìn, dókítà, olùkọ́ àti oníwàásù ni wọ́n pọ̀ jù. Edward Everett Hale, pásítọ̀ àti òǹkọ̀wé tí òkìkí rẹ̀ kàn, wà lára àwọn alátìlẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ náà ni Thomas Wentworth Higginson. Àwọn ọmọlẹ́yìn Theosophy pọ̀ láàárín wọn. Willard àti Baxter alára wà nínú ẹ̀sìn náà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1889, ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìwé àtìgbàdégbà tirẹ̀, The Nationalist. Nígbà tí ó fi di 1891, ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ káàkiri Amẹ́ríkà ti lé ní 150, California ni ó sì pọ̀ sí jùlọ. Níbẹ̀ ni Charlotte Perkins Gilman ti ń sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́, kí ó tó di òǹkọ̀wé ńlá. Nígbà tí yóò kọ Herland ní 1915, ìtàn ìlú tí obìnrin nìkan ń gbé, òun náà ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ìpàdé wọ̀nyí.

Àwọn ẹgbẹ́ náà kò dúró sórí ọ̀rọ̀ ẹnu. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí àwọn aṣòfin Massachusetts pé kí wọ́n jẹ́ kí ìlú kọ̀ọ̀kan lè ní iléeṣẹ́ gáàsì àti iná mànàmáná tirẹ̀. Ní 1891, àwọn aṣòfin ṣe òfin tí ó gbà bẹ́ẹ̀. Ohun kan tí ó bẹ̀rẹ̀ bí àlá nínú ìwé àròsọ ti wọ inú ìwé òfin láàárín ọdún mẹ́ta. Ní 1892, ẹgbẹ́ òṣèlú People's Party pàdé ní Omaha, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ìpinnu wọn pé kí ìjọba gba ojú irin, tẹligíráàfù àti tẹlifóònù. Ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ Bellamy wọ inú ìgbòkègbodò òṣèlú yìí lọ, ìpàdé òǹkàwé sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. The New Nation, ìwé ìròyìn tí Bellamy fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1891, kógbá wọlé ní 1894. Àìsàn ikọ́ ẹ̀gbẹ pa Bellamy ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 1898, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 48.

Àwọn tí kò fara mọ́ ọn pàápàá gba ọ̀nà ìpàdé dá a lóhùn. Ní London, William Morris ka ìwé náà, ó sì ta kò ó nínú ìwé ìròyìn Commonweal ní 1889. Lójú tirẹ̀, ayé tí ìjọba ti ń tọ́ gbogbo iṣẹ́ bí ilé ẹ̀rọ kò lè múnú ènìyàn dùn. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ News from Nowhere jáde. Ọkùnrin kan tí ń ti ìpàdé bọ̀, níbi tí wọ́n ti jiyàn kíkan-kíkan lórí bí ọjọ́ iwájú yóò ṣe rí, ni ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Ó délé, ó sùn, ó sì jí sínú ayé mìíràn. Àríyànjiyàn ni ó fa oorun Morris, bí ó ti jẹ́ pé oorun ni ó fa àríyànjiyàn Bellamy.

Ẹni tí wọn kò béèrè

Ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún, ọjọ́ tí West sùn, kì í ṣe ọjọ́ kan ṣáá. Ọjọ́ ìrántí àwọn ọmọ ogun ìhà Àríwá tí ó kú nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, 1861 sí 1865, ni. Ogun yìí ni ó fi òpin sí oko ẹrú ní orílẹ̀-èdè náà. Bellamy mọ ohun tí ó ń ṣe nígbà tí ó yan ọjọ́ náà, nítorí ó kọ ọ́ sínú ìtàn pé West bá ìdílé àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lọ sí itẹ́ òkú Mount Auburn láti bọlá fún ará ilé wọn kan tí ó kú sógun. Ní ọ̀sán, wọ́n kó òdòdó lọ sí ojú oórì akọni. Ní òru ọjọ́ yẹn gan-an, Sawyer kú nínú iná.

Nígbà tí West ń bá Leete wá ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi jí òun, ó ní kò sí àlàyé mìíràn ju pé Sawyer ti bá iná náà lọ. Lórí èyí ni ọ̀rọ̀ parí. West sunkún nítorí Edith Bartlett, àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ó banú jẹ́ nítorí ìlú rẹ̀ tí kò rí mọ́. Kò ṣèdárò ẹni tí ó ń jí i láràárọ̀. Sawyer kì í ṣe ẹrú. Ìránṣẹ́ tí ń gba owó oṣù ni. Síbẹ̀, òwe àwọn àgbà kò yẹ̀ ẹ́: ẹrú kú, ìyá kò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta, bẹ́ẹ̀ ẹrú náà ti ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀.

Ohun tí ó burú ju ikú náà lọ ni ohun tí ó tẹ̀ lé e. Nínú Boston ọdún 2000, níbi tí Leete ti ṣàlàyé owó, oúnjẹ, ìgbéyàwó, ìwé títẹ̀, ẹ̀wọ̀n àti ìwàásù ọjọ́ Ìsinmi, ènìyàn dúdú kan kò sí níbẹ̀. Leete kò sọ pé wọ́n lé wọn lọ. Kò sọ pé wọ́n wà. West kò sì béèrè. Ìwé tí ó kún fún ìbéèrè kò ní èyí nínú.

Kì í ṣe pé àwọn tí ó jókòó nínú ẹgbẹ́ kò mọ ènìyàn dúdú. Higginson ni ó ṣáájú First South Carolina Volunteers, ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí wọ́n kó jọ láti inú àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lóko ẹrú. Ó bá wọn jagun, ó sì kọ odindi ìwé lórí wọn. Ìkéde ẹgbẹ́ Boston alára bẹ̀rẹ̀ láti orí pé ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ di ètò, gáàsì, iná, ojú irin àti tẹlifóònù ni wọ́n kọ sílẹ̀. Èyí kì í ṣe ẹ̀sùn pé ìkà ni wọ́n. Ohun tí ó fi hàn ni bí ìpàdé ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìwé ni ó ń la ọ̀nà fún ìbéèrè, àwọn tí ó wà níjòókòó ni wọ́n sì ń rìn ín. Bí ìwé kò bá ṣí ọ̀nà kan, tí ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀ kò sì sí níjòókòó, ọ̀nà náà á di igbó.

Ní 1897, Bellamy gbé Equality jáde láti fi dáhùn ọ̀pọ̀ ìbéèrè tí ìwé àkọ́kọ́ dá sílẹ̀. Nínú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ènìyàn dúdú ti wá yọjú níkẹyìn, ní apá kékeré kan. Leete ní ètò tuntun ṣe ènìyàn dúdú lóore. Ó sì fi kún un pé ètò náà kò béèrè pé kí ẹ̀yà méjèèjì dàpọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, pé ó lè bá ìyàsọ́tọ̀ èyíkéyìí tí ẹ̀tanú àdúgbò bá fẹ́ rìn pọ̀. Ọdún kan ṣáájú ìwé yìí ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ Plessy, tí ó fi òǹtẹ̀ lu òfin ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀yà nínú ọkọ̀ ojú irin. Bellamy ti fa owó tu nílẹ̀ nínú èrò rẹ̀. Ó ti tú ọjà ká, ó ti pa báńkì rẹ́. Ògiri tí ó wà láàárín ìjókòó méjì nínú ọkọ̀ ojú irin ni kò lè wó.

Abẹ́ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i

Àwọn òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà kò dúró kí ẹnikẹ́ni pè wọ́n wá sí ìpàdé. Ní 1899, Sutton Griggs, oníwàásù Onítẹ̀bọmi tí wọ́n bí ní Texas, tẹ Imperium in Imperio jáde. Ìtàn ìjọba abẹ́nú kan ni, tí àwọn ènìyàn dúdú dá sílẹ̀ ní Waco, tí wọ́n ń pàdé níbẹ̀ láti jiyàn lórí ohun tí yóò jẹ́ ọjọ́ iwájú wọn. Griggs ta ìwé náà láti ojúlé dé ojúlé.

Èyí tí ó bá ọ̀rọ̀ Sawyer mu jùlọ ni "The Comet", ìtàn kúkúrú tí W. E. B. Du Bois fi sínú ìwé rẹ̀ Darkwater ní 1920. Jim, ìránṣẹ́ báńkì ní New York, ènìyàn dúdú, ni wọ́n rán lọ sí yàrá ìṣúra ní abẹ́ ilẹ̀ pátápátá. Iṣẹ́ náà léwu, wọn kò sì fẹ́ fi ẹ̀mí ẹni tí ó níye lórí lójú wọn wewu. Nígbà tí ó wà nísàlẹ̀, ìràwọ̀ onírù kọjá nítòsí ayé, atẹ́gùn olóró rẹ̀ sì pa àwọn tí ó wà lókè. Jim jáde sínú ìlú tí ó kú. Obìnrin aláwọ̀ funfun kan, ọmọ olówó, ni ó tún rí láàyè, fún wákàtí díẹ̀ sì ni ìyàtọ̀ àwọ̀ kò já mọ́ nǹkan kan láàárín wọn. Lẹ́yìn náà ni àwọn ènìyàn dé láti ẹ̀yìn ìlú, ẹ̀tanú sì bá wọn dé.

Yálà Du Bois ní Bellamy lọ́kàn tàbí kò ní in, ìtàn méjèèjì kọjú síra wọn bí ojú àti dígí. Nínú ti Bellamy, olówó wà lábẹ́ ilẹ̀, ìránṣẹ́ wà lókè, ìránṣẹ́ ni ó kú. Nínú ti Du Bois, ìránṣẹ́ ni ó wà lábẹ́ ilẹ̀, òun ni ó sì yè. West jí sínú ayé tí ó dára ju èyí tí ó fi sílẹ̀ lọ. Jim jáde, ó sì rí i pé bí ayé tilẹ̀ parí, ẹ̀tanú lè má bá a parí.

Ilé Fitzgerald ní Harlem

Nígbà tí yóò fi di 1926, irú ìtàn yìí ti ní ìwé àtìgbàdégbà tirẹ̀. Hugo Gernsback, ọmọ ilẹ̀ Luxembourg tí ó dé Amẹ́ríkà ní 1904, tí ó ń tẹ ìwé lórí iná mànàmáná àti rédíò, bẹ̀rẹ̀ Amazing Stories ní oṣù Kẹrin ọdún náà. Ohun tí ó yí nǹkan padà kì í ṣe ìtàn inú rẹ̀ nìkan. Gernsback ya ojú ewé sọ́tọ̀ fún lẹ́tà àwọn òǹkàwé, ó sì ń tẹ orúkọ àti àdírẹ́sì wọn síbẹ̀. Ọmọkùnrin kan tí ó rò pé òun nìkan ni ó ń ronú nípa òṣùpá ní àdúgbò òun á rí i pé ẹlòmíràn wà ní òpópónà kejì. Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ó ń bọ̀. Láti inú lẹ́tà ni ẹgbẹ́ ti hù.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1929, ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí ọjà ìdókòwò Wall Street dojú dé, àwọn òǹkàwé kan ní New York dá The Scienceers sílẹ̀. Ó wà lára àwọn ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ pátápátá tí àwọn òǹkàwé ìtàn onísáyẹ́ǹsì ti ń pàdé lójúkojú. Ọ̀dọ́langba aláwọ̀ funfun ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Allen Glasser wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Mort Weisinger àti Julius Schwartz. Ẹni tí wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́ ni Warren Fitzgerald, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí ó tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tí Glasser kọ ìrántí rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ó sọ pé ọmọlúwàbí tí ó lajú ni Fitzgerald, pé òun àti ìyàwó rẹ̀ gba àwọn ọmọ náà tọwọ́tẹsẹ̀ sínú fúláàtì wọn ní Harlem, ibẹ̀ sì di ibi ìpàdé fún ìgbà díẹ̀.

Láti mọ ìtóbi ohun kékeré yìí, ó yẹ kí á wo Harlem ìgbà náà. Àdúgbò àwọn ènìyàn dúdú ni, àwọn òǹkọ̀wé bíi Langston Hughes àti Zora Neale Hurston sì ti sọ ọ́ di olókìkí. Ní àdúgbò yìí kan náà ni Cotton Club wà. Àwọn aláwọ̀ funfun ń wá síbẹ̀ lálaalẹ́. Àwọn ènìyàn dúdú ni ó ń kọrin fún wọn, àwọn ni ó ń jó, àwọn ni ó ń gbé ọtí, ṣùgbọ́n wọn kì í gbà wọ́n láàyè láti jókòó bí oníbàárà. Bí aláwọ̀ funfun bá lọ sí Harlem nígbà náà, ẹni tí a ń sìn ni. Ní ilé Fitzgerald, àlejò ni. Onílé ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn, onílé ni ó sì ń darí ọ̀rọ̀.

Àwọn ọmọ náà kò pe ara wọn ní ajàjàgbara. Ìtàn ni ó kó wọn jọ, àti sáyẹ́ǹsì inú rẹ̀: ṣé ó ṣeé ṣe, ṣé òǹkọ̀wé kò ṣìṣe, báwo ni ọkọ̀ ṣe lè dé ojú ọ̀run? Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1930, ẹgbẹ́ náà tẹ ìwé kékeré tirẹ̀, The Planet, tí Glasser jẹ́ olóòtú rẹ̀. Ọ̀kan lára irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí ó kọ́kọ́ jáde láti ọwọ́ àwọn òǹkàwé fúnra wọn ni. Weisinger àti Schwartz kò dúró níbẹ̀. Wọ́n wà nídìí The Time Traveller ní 1932, wọ́n di aṣojú fún àwọn òǹkọ̀wé ìtàn onísáyẹ́ǹsì, níkẹyìn àwọn méjèèjì di olóòtú ìwé Superman. Nínú New York kan náà, ní oṣù Kẹrin ọdún 1930, àwọn òǹkọ̀wé tí ń kọ̀tàn fún Gernsback dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lórí ìrìn àjò sí àwọn ìsọ̀gbè ojú ọ̀run, èyí tí ó di American Rocket Society lẹ́yìn náà. Bí ìwé Bellamy ti di òfin gáàsì, bẹ́ẹ̀ ni ìtàn ojú ọ̀run bẹ̀rẹ̀ sí í di rọ́kẹ́ẹ̀tì.

Kò yẹ kí á gbé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilé Fitzgerald ju bí ó ti mọ lọ. Àwọn ìwé àtìgbàdégbà náà ṣì kún fún akọni aláwọ̀ funfun. Samuel Delany, tí wọ́n bí ní Harlem ní 1942, di ọ̀kan nínú àwọn òǹkọ̀wé ìtàn onísáyẹ́ǹsì tí ó ta yọ jùlọ. Síbẹ̀, ó kọ ọ́ ní 1998 pé nígbà tí wọ́n gbé ìwé òun Nova lọ fún olóòtú John W. Campbell ní 1967, ó kọ̀ ọ́ nítorí ó gbà pé àwọn òǹkàwé òun kò tíì ṣetán láti gba ènìyàn dúdú gẹ́gẹ́ bí olú ẹ̀dá ìtàn. Ọdún 38 ti kọjá nígbà náà tí àwọn òǹkàwé kan ti gba ènìyàn dúdú gẹ́gẹ́ bí ààrẹ wọn. Kì í ṣe àwọn òǹkàwé ni kò ṣetán.

Ìkádìí

Ẹgbẹ́ Bellamy tóbi, ó sì lágbára. Ó dé ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ó yí òfin padà, ó fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ẹnu àwọn olóṣèlú. Ẹgbẹ́ Harlem kéré. Fúláàtì kan gbà á, kò sì ṣe òfin kankan. Bí a bá fi agbára wọ̀n wọ́n, èkínní ni ó wúwo. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè pé nínú èwo ni Sawyer ì bá ti rí àga jókòó sí, ìdáhùn kò ṣòro.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ń pe àwọn ènìyàn jọ lórí ìwé ni pé ìwé tí ó dára kò tó. Looking Backward jẹ́ ìwé tí ó fẹ́ ire fún aráyé, àwọn tí ó kà á sì fẹ́ ire bákan náà. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ẹni tí yóò ka gbólóhùn kan ṣoṣo tí ó sọ ikú Sawyer, tí yóò sì ní kí ìpàdé dúró ná: ta ni ọkùnrin yìí, níbo ni àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní ọdún 2000? Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lè ti ẹnu ẹnikẹ́ni jáde. Ó ṣeé ṣe kí ó tètè jáde bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn bá ni ilé, tí ó sì jókòó sórí àga ààrẹ.

Dókítà Leete gbẹ́ ilẹ̀, ó sì rí olówó tí ó ń sùn. Kò sí ẹni tí ó gbẹ́ ilẹ̀ wá ìránṣẹ́ tí ó kú lókè rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn ṣì wà nílẹ̀ fún àwọn òǹkàwé.